Ilé-iṣẹ́ Tó Ṣe Ìrìbọmi Lódò Po

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó bá ní òun ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀, á jẹ́ pé eyín ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló gbé obìnrin tó pe ẹjọ́ náà dé ibẹ̀. Wúràọlá pọn ọmọ kan, ó fa òmíràn lọ́wọ́, ó sì ti pinnu láti àárọ̀ pé bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, bí wọ́n fẹ́ kí wọ́n sunkún, òun ò ní kúrò níwájú Baálẹ̀ títí Pásítọ̀ Adésànmí yóò fi fọwọ́ sí ohun tí òfin ní kó fọwọ́ sí.

Ààfin tí à ń wí yìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onírun Ìyálóde Ọláfúnkẹ́ ni, ní Barriera di Milano, ní Torino níbí. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹjọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sí. Lọ́jọ́ ẹjọ́, wọ́n á ti ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á gbé àga onítìmùtìmù kan sáàárín, Olóyè Oyèkànmí á sì jókòó lé e. Òun ni Baálẹ̀ gbogbo Yorùbá Torino. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wa muletto, ó ń fi gbé ẹrù sókè sódò. Bó bá ti dé fìlà báyìí, ó ti di Baálẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ kì í jẹ́ Kábíyèsí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ní ẹjọ́ lọ́rùn a máa gbàgbé, Oyèkànmí náà kì í sì í rán an létí.

"Wúràọlá, sọ tẹnu ẹ," ni Baálẹ̀ wí.

Wúràọlá kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ gbà mí o. Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú cooperativa wọn, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe pulizie. A máa ń nu ọ́fíìsì, a máa ń nu hòtẹ́ẹ̀lì—"

"A mọ iṣẹ́ náà. Kí ni Pásítọ̀ ṣe fún ẹ?"

"Wọn ò jẹ́ kí n fi spirale sára."

Ọkùnrin kan béèrè láti ẹ̀yìn pé ṣé irun tuntun ni.

"Irun kọ́, ọ̀gbẹ́ni," ni Ìyálóde dá a lóhùn. "Ohun kékeré tí dókítà ń fi sí ilé ọmọ ni, kí oyún má baà dúró títí ìyá á fi ṣe tán."

"Háà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ń wo bàtà rẹ̀.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí lé ara wọn, Kábíyèsí," ni Wúràọlá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èyí àgbà ò tíì mọ okùn bàtà í so. Èyí tó tẹ̀lé e ṣì ń tọ̀ sínú pannolino. Ìkẹta ló wà lẹ́yìn mi yìí. Mo wọlé sí corso OSS, ẹ̀kọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́sibítù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì loyún lé mi jáde. Wọ́n ti gbà mí padà báyìí, wọ́n sì ti sọ fún mi pé bí mo bá tún fi sílẹ̀, kí n má yọjú síbẹ̀ mọ́. Mo ti rí dókítà tó máa fi spirale yẹn sí mi lára lọ́jọ́ Tọ́sìdeè yìí. Mo fẹ́ràn ọmọ, Kábíyèsí. Mi ò kàn fẹ́ fi ìnulẹ̀ darúgbó ni."

"Consultorio ìjọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ńkọ́?"

"Mo débẹ̀. Ìlà wọn gùn débi pé ẹni tó bá tò ó lónìí lè bímọ kó tó kàn án."

Baálẹ̀ yíjú sí Akọ̀wé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni Olúkáyọ̀dé, ọmọ tó kàwé gboyè ní Politecnico, tó sì mọ òfin ilẹ̀ yìí ju àwọn mìíràn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. "Akọ̀wé, kí ló kan Pásítọ̀ nínú ilé ọmọ ìyàwó oníyàwó?"

"Kábíyèsí, òfin tuntun ló dé. Ilé-iṣẹ́ tó bá ra assicurazione, ìyẹn ìbánigbófò ìlera, fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìfètòsọ́mọbíbí gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá á kàn fọwọ́ sí i ni, owó dókítà á sì jáde. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Pásítọ̀ ò wá fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n fọwọ́ sí ti eyín, sà. Wọ́n fọwọ́ sí ti ojú. Wọ́n fọwọ́ sí ti ẹ̀yìn ríro. Ìgbà tí wọ́n dé ibi ilé ọmọ ni wọ́n ní ọwọ́ ń ro àwọn."

Ni Pásítọ̀ Adésànmí bá dìde. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wo kóòtù funfun tó wọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìka kan kan ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo, ohun tó ń dun Wúràọlá jù ni pé Pásítọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí gìrì mú ọmọ rẹ̀ kejì, tí kùrukùru bo gbogbo Torino tí ènìyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀, Pásítọ̀ yìí ló wa ọkọ̀ gbé wọn dé ọsibítù, tó ń gbàdúrà, tó ń fọn fèrè ọkọ̀. Ọ̀tá ṣeé bá jà. Ẹni tó ṣeni lóore, tó wá dúró sójú ọ̀nà ẹni, ìyẹn le díẹ̀.

"Pásítọ̀, ẹ ti gbọ́," ni Baálẹ̀ wí.

"Mo gbọ́, Kábíyèsí. Èmi ò bá Wúràọlá jà. Ọmọ mi ni nínú Olúwa. Bó bá ṣe tèmi ni, bóyá ǹ bá ti fọwọ́ sí i."

"Ta wá ni kò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i?"

"Ilé-iṣẹ́ ni."

"Ilé-iṣẹ́ ta?"

"Ilé-iṣẹ́ mi."

Baálẹ̀ ṣí fìlà, ó họ orí, ó dé e padà. "Pásítọ̀, ẹ ṣàlàyé ara yín kí n tó bínú."

"Kábíyèsí, ilé-iṣẹ́ mi ti di àtúnbí."

Ẹ̀rín bú. Pásítọ̀ dúró kí ó rọlẹ̀, ojú rẹ̀ ò yí padà. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo yín lẹ̀ ń pè mí kí n wá fòróró yan ọkọ̀ yín, kí n wá gbàdúrà sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò fi tèmi mọ sí òróró. Lọ́jọ́ tí mo dá cooperativa yìí sílẹ̀, mo kó o lọ sódò Po, mo sì rì í bọmi."

"Kí ni ẹ rì bọmi? Ṣé ilé-iṣẹ́ ní orí ni?"

"Furgone rẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ bu omi sí lórí. Mo ri ìgbálẹ̀ bọmi, mo ri màápù bọmi, mo ri ẹ̀rọ tó ń fa eruku bọmi."

"Ẹ̀rọ oníná!" ni Ìyálóde kígbe. "Ẹ̀rọ oníná lẹ tì bọ odò?"

"Kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà, Ìyálóde. Ṣùgbọ́n ó ti rí ìgbàlà."

"Kí lorúkọ ìrìbọmi rẹ̀?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Imánúẹ́lì. Ẹ lọ wò ó lára furgone níta: Imánúẹ́lì Pulizie. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè, òun ló ń gbé àga."

"Ó ń gbààwẹ̀?"

"Ìyálóde, ẹ má fi ẹ̀sìn ṣẹ̀fẹ̀."

"Mi ò ṣẹ̀fẹ̀. Mo kàn rí i pé ẹ̀rọ eruku yẹn ò tíì jẹun láti ọjọ́ tó ti jáde lódò."

Pásítọ̀ kọjú sí Baálẹ̀. "Kábíyèsí, dókítà ilẹ̀ yìí lè ní òun jẹ́ obiettore, pé ẹ̀rí-ọkàn òun ò jẹ́ kí òun ṣe irú iṣẹ́ kan, ìjọba á sì fi í sílẹ̀. Kí ló dé tí Imánúẹ́lì ò lè jẹ́ obiettore? Ìgbàgbọ́ wa ní ẹ̀bùn Ọlọ́run lọmọ, kí a má tì í lẹ́nu ọ̀nà. Bí òfin bá ní kí n fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn náà, kí ni mo fẹ́ sọ lọ́run? Ìjọba lè gba owó orí mi. Kò lè gba ọkàn mi."

Ẹ̀rín wábi gbà. Ọ̀pọ̀ nínú ààfin ló mi orí pé òótọ́ wà níbẹ̀, Wúràọlá pàápàá mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù. Ó tún ọ̀já so.

"Ẹ pe ẹlẹ́rìí," ni Baálẹ̀ wí.

Kàmọ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ pè, dírẹ́bà tó ń wa furgone náà. Mùsùlùmí ni, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ti sọ nǹkan kan fún un.

"Kàmọ́rù, o mọ̀ pé Kristẹni ni mọ́tò tí ò ń wà?"

"Kábíyèsí, abeg. Mi ò mọ̀ o. Ṣebí inú ẹ̀ ni mo ti máa ń kírun."

Pásítọ̀ fò sókè. "Kírun! Nínú Imánúẹ́lì!"

"Lẹ́yìn ni, sà, níbi tí màápù wà. Bí òjò bá ń rọ̀ tí àkókò ìrun bá tó, ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ ẹní sí. Ó mọ́ tónítóní. Èmi ni mo ń gbá a."

"Pásítọ̀, ẹ jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Ó jọ pé Imánúẹ́lì ń bá àwọn tọ̀tún tòsì ṣe. Kàmọ́rù, níbo lẹ máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé?"

"Discoteca, sà. A máa lọ fọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí i. Láàárọ̀ Sọ́ńdè a tún máa lọ kó ìgò ọtí tí wọ́n mu tán. Láti ibẹ̀ la ti máa ń gbé àga lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ìdọ̀tí la ń kó kúrò níbẹ̀!" ni Pásítọ̀ pariwo. "Iṣẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ ni! Ìwé Mímọ́ ò lòdì sí ìwẹ̀nùmọ́!"

"Ní hòtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, Kàmọ́rù?" ni Ìyálóde béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí lẹ máa ń rí gbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Kàmọ́rù wo àwọn ọmọdé, ó wo Pásítọ̀. "Ìyálóde, ọmọdé wà níbí. Nǹkan tí Imánúẹ́lì ní òun ò lè fojú rí yẹn gan-an ni."

"Ó máa ń kọ̀ láti gbé e?"

"Kò kọ̀ rí, mà. Báàgì kún dẹ́nu, ó ń gbé e lọ síbi ìdalẹ̀nù jẹ́jẹ́."

Gbogbo ààfin gba orí mú. Pásítọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ẹlẹ́rìí tòun, wọ́n ní kó pè é. Ló bá nawọ́ sí Morákinyọ̀, ọkọ Wúràọlá, tó ti fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìgbẹrun kan láti ìgbà tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Padova ni Morákinyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé.

"Bàbá ọmọ nìyí," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ bi í. Ọmọ ìjọ mi ni. Kò sí ìwàásù mi kan tí kò ṣe àmín sí."

"Morákinyọ̀, ẹ̀yìn ta lo wà?"

"Kábíyèsí, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀yìn Pásítọ̀ ni mo wà."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Mo ti wà nínú treno, sà."

"Lọ́jọ́ Sátidé ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ni mo máa ń wà pẹ̀lú."

"Ìwàpẹ̀lú yẹn ló kó gbogbo wa dé ibí!" ni Ìyálóde wí.

"Àbí ẹ ò rí i?" ni Pásítọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Kó dúró sí Padova! Ìyẹn náà ìfètòsọ́mọbíbí ni, Imánúẹ́lì ò sì lòdì sí i."

"Háà, Pásítọ̀!" ni Morákinyọ̀ ké. Ohun kan ṣoṣo tó fi gbogbo ẹnu sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Wúràọlá ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n á sọ èyí nílé.

"Ẹlẹ́rìí kan ló kù fún mi," ni Pásítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màmá mi. Kò sí ẹni tó mọ ọmọ ìjọ yìí tó wọn."

Òótọ́ ni. Nílé wa, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ á gbé ẹrù rẹ̀, á wá wẹ ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fúnni ní fisa ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìwẹ̀ ọmọ. Gbogbo ìyá tí wọ́n kọ̀wé pè, wọ́n dá wọn padà. Màmá Pásítọ̀ nìkan ló rí fisa gbà, wọ́n wá wẹ ọmọ Adésànmí, wọn ò sì rí ọ̀nà padà mọ́. Láti Barriera dé Falchera, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bá bí, orí ẹsẹ̀ Màmá ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Wúràọlá bí, ọwọ́ wọn ló kọjá.

Màmá wọlé, wọ́n gbá ìdí mú. Gbogbo ènìyàn dìde fún wọn. Baálẹ̀ pàápàá sún síwájú lórí àga.

"Adésànmí, o ní o fẹ́ rí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ sọ fún ààfin yìí. Ṣé ọmọ ti wá pọ̀jù ni?"

Màmá wo yíká, ojú wọn bà lé Wúràọlá àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ọmọ kì í pọ̀jù," ni wọ́n wí.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Wúràọlá rò ó pé ẹjọ́ òun ti parí.

"Ọmọ kì í pọ̀jù," ni Màmá tún wí. "Ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ ló kéré."

"Màmá—"

"O pè mí sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n sọ. Adésànmí, mo bí yín, n ò bí yín lé ara yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń lọ pọnmi kí n tó lóyún rẹ. Bàbá rẹ wà ní yàrá tirẹ̀, mo wà ní tèmi, títí mo fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ẹni tó bá gbé oyún lé ọmọ nígbà náà, ojú a máa tì í, wọ́n á fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́jà. Ta ló ní a ò mọ ètò? Yàrá méjì ni spirale tiwa!"

"Màmá o!" ni àwọn obìnrin pariwo.

"Àwọn wọ̀nyí, yàrá kan ni wọ́n rí háyà, bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, òtútù yín yìí ò sì mọ ojú ẹnì kan."

Ojú Morákinyọ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi Bíbélì kọ́ mi, Màmá," ni Pásítọ̀ wí, bí ọmọ tí wọ́n bá wí lójú ẹgbẹ́.

"Èmi ni. Mo ṣì gbà á gbọ́. Bí wọ́n bá fi spirale yẹn lọ̀ mí, mi ò ní gbà á. Ṣé èmi ni wọ́n fi lọ̀? Ìwọ ń wàásù, ìbàdí mi ló ń ṣe àmín! Mo fẹ́ lọ sílé, Adésànmí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti di ẹrù mi, ẹnìkan á tún rọbí."

Wọ́n jókòó. Ọmọ Wúràọlá tó wà nílẹ̀ rìn lọ bá wọn, ó fọwọ́ kan orúnkún wọn. "Nonna è stanca," ló sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ti rẹ ìyá àgbà. Wúràọlá fi etí ọ̀já nu omijé ojú rẹ̀.

Baálẹ̀, Ìyálóde àti Akọ̀wé forí kan orí. Nígbà tí wọ́n tún jókòó, Baálẹ̀ tún fìlà dé, ó sì gbé ohùn ìdájọ́ wọ̀.

"Mo ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. A kì í fi ipá múni ṣe ẹ̀sìn, a kì í sì í fi ipá gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni. Odò Po kì í ṣe odò kékeré. Mo gbà pé Imánúẹ́lì ṣe ìrìbọmi. Mo gbà pé ó ní ẹ̀rí-ọkàn. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ààfin yìí ò ní fipá mú un."

"Halelúyà!" ni Pásítọ̀ ké.

Wúràọlá gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ ọ̀fọ̀. Ó rí ara rẹ̀ pẹ̀lú màápù lọ́wọ́ àti ikùn níwájú, ní ọdún tó ń bọ̀, ní ọdún tó tún tẹ̀lé e. Ó fẹ́ dìde máa lọ.

"Ẹ gbé halelúyà yẹn dání ná," ni Baálẹ̀ wí. "Mi ò tíì parí. Ẹni tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ní kí ọmọ máa bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wẹ ọmọ. Ìbàdí Màmá kò bá Imánúẹ́lì ṣe ìrìbọmi náà. Láti òní lọ, Màmá ti fẹ̀yìn tì. Imánúẹ́lì ni yóò máa wẹ gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà nínú ìjọ, láàárọ̀ àti lálẹ́, nílé ìyá kọ̀ọ̀kan. Mo sì ní wíwẹ̀ bí Yorùbá ṣe ń wẹ ọmọ o! Kì í ṣe ká fomi gbígbóná nu ún lójú. Kí wọ́n nà án lápá, kí wọ́n nà án lẹ́sẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ rọ orí rẹ̀, kí wọ́n jù ú sókè, kí wọ́n sì hán an. Nígbà tí Imánúẹ́lì ò ti ní ọwọ́, Pásítọ̀, ẹ̀yin lọwọ́ rẹ̀."

"Títí dìgbà wo, Kábíyèsí?"

"Títí tí Imánúẹ́lì á fi gba ọ̀rọ̀ rò, tàbí títí tí obìnrin tó kẹ́yìn nínú ìjọ yín á fi ṣíwọ́ ọmọ bíbí."

"Kábíyèsí, mi ò wẹ ọmọ rí! Àwọn tí mo bí gan-an—"

"A mọ̀," ni Màmá wí.

"Ibí la ó ti bẹ̀rẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Wúràọlá, sọ ọmọ rẹ kalẹ̀."

Ìyálóde ti gbé ike omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé, pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti àdín. Wọ́n mú Pásítọ̀ jókòó lórí àpótí kan, wọ́n ká ṣòkòtò funfun rẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ní kó na ẹsẹ̀. Wúràọlá bọ́ aṣọ lára Tíolúwaní, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé e lé orí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ̀rù bà á. Kò gbà kí ọwọ́ òun jìnnà.

"Gbá a mú!" ni Màmá wí látorí àga wọn. Wọn ò dìde. "Kì í ṣe àwo ọbẹ̀ lò ń gbé. Lábẹ́ apá!"

"Ó ń yọ̀, Màmá!"

"Àdín ni. Rọ orí rẹ̀. Rọra! Orí ọmọ ni, kì í ṣe iyán!"

Tíolúwaní la ẹnu, ó sì ké débi pé àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù níwájú yọjú. Ló bá tọ̀. Ó tọ̀ sókè, ó tọ̀ gba táì Pásítọ̀ kọjá, ó tọ̀ títí dé àpò kóòtù níbi tí Bíbélì kékeré rẹ̀ wà. Omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú Akọ̀wé. Kàmọ́rù ti jáde síta kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ku jíjù sókè," ni Màmá wí.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ìgbàgbọ́ dà?"

Pásítọ̀ wo ọmọ náà. Ọmọ náà wò ó. Kò jù ú. Ó gbé e sókè díẹ̀, ó sì gbé e padà sórí ẹsẹ̀, ó fi àyà gbà á mọ́ra pẹ̀lú ọṣẹ àti ìtọ̀. Wúràọlá rí i pé òógùn bo ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ìbínú rẹ̀ dín kù.

"Ẹ tètè o," ni Ìyálóde wí. "Ìbejì ìyá Ìfẹ́táyọ̀ ń retí yín ní Falchera."

"Ìbejì?"

"Lẹ́yìn wọn ló kan ọmọ tuntun tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Inú ń run ìyẹn."

Pásítọ̀ dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. Ó dìde, omi ń ro tó tó tó lára rẹ̀. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n bá Imánúẹ́lì sọ̀rọ̀ níta."

Baálẹ̀ ní kó máa lọ. Gbogbo ààfin sáré lọ sójú fèrèsé. Wọ́n rí Pásítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ furgone, ó gbé ọwọ́ lé iwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, ó tún ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Nígbà tó wọlé padà, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún.

"Kí ni Imánúẹ́lì wí?" ni Baálẹ̀ béèrè.

"Ó ní òun ò yí ìgbàgbọ́ òun padà o."

"Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni."

"Ṣùgbọ́n ó ní..." Pásítọ̀ fa táì tó tutù kúrò lọ́rùn. "Ó ní ìgbàgbọ́ òun, ọrùn òun ló yẹ kó wà. Kò yẹ kí òun gbé e kọ́ Wúràọlá lọ́rùn, kí òun tún gbé e lé ìyá mi ní ìbàdí. Ó ní ti Wúràọlá, àárín Wúràọlá àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Akọ̀wé, ẹ mú bírò wá."

Ó fọwọ́ sí i níbẹ̀, níṣojú gbogbo ayé. Wúràọlá dì mọ́ ọmọ rẹ̀, ó sunkún gidi, kò sì tijú ẹnikẹ́ni. Morákinyọ̀ jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ ìgbẹrun, ó wá dúró tì í, ẹnikẹ́ni ò sì bá a ṣẹ̀fẹ̀.

"Ó yẹ kí n máa lọ sílé báyìí," ni Pásítọ̀ wí.

"Síbo?" ni Baálẹ̀ wí. "Spirale kì í wẹ ọmọ tó ti wà nílẹ̀. Àwọn tí ìwàásù yín ti mú dé ńkọ́? Títí wọ́n á fi lè dá dúró nínú ike omi, tiyín ni wọ́n. Màmá ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kàmọ́rù, ṣíná sí Imánúẹ́lì, ẹ máa lọ sí Falchera!"

Pásítọ̀ Adésànmí gbé kànìnkànìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wẹ̀yìn.

"Wúràọlá."

"Sà."

"Tọ́sìdeè yẹn, aago mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án àárọ̀, sà."

"Jí ní márùn-ún," ni Pásítọ̀ wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, má pẹ́."